Ẹ̀pà Tí O Ó Fi La Ṣọ́ọ̀bù Etí Òkun Kọjá

Atakpamé, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀

Afí ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Bí ọkọ̀ ojú irin kò bá tíì ṣí kúrò ní Agbonou, dá lẹ́tà yìí padà sínú àpò. Mo sọ fún ọ pé kí o má ṣí i títí tí o kò fi ní rí òkè wa mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Ọmọ tó ń ti ìsàlẹ̀ tú ẹrù Kérésì wò, tó tún ń so ó padà bí ẹni pé eku ló ṣe é. Ó dáa, bí o bá ti ṣí i, o ti ṣí i náà nìyẹn. Ṣáà fi ọwọ́ bo ojú ìwé, kí ẹni tó jókòó tì ọ́ má baà bá ọ kà á. Ìtìjú bàbá rẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ kúkúrú. Mo ní, “Ọ̀nà Lomé gùn, ọkọ̀ yẹn á sì máa dúró ní gbogbo ibi tí ewúrẹ́ bá ti ń kọjá. Kí ni ọmọ yóò máa kà?”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó sùn.”

Mo ní ọmọ kì í sùn nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé mi, ìgbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ gan-an ni òun máa ń rí oorun gidi sùn. Irú obìnrin tí mo fẹ́ nìyẹn, òun náà ló sì jókòó tì mí báyìí, tó ń bi mí pé kí ni mo kọ, kí ni mo kọ.

Dárí jì mí bí ìlà bá ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jókòó ní ilé ìwé àwọn onímíṣọ́n, mo sì fi ọdún kan nínú rẹ̀ gbé igi ìdáná fún ìyàwó olùkọ́. Yorùbá inú ìwé yìí, ọwọ́ bàbá aláṣọ kan tó wá láti Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ ọ. Bí o bá rí ibi tí èdè Ifẹ̀ tiwa ti yọjú nínú rẹ̀, kí i dáadáa, kí o máa kà lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. O ń lọ sí Dàkáà láti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún gbogbo agbègbè wa, ìwọ ni wọ́n sì fún. Ìwé tí wọ́n kọ sí wa kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ọmọ tí kò bá dé lọ́jọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣí, ẹlòmíràn ni wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún. Ọkọ̀ òkun tó ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí a bí ọ gan-an, òun nìkan ló lè gbé ọ débẹ̀ lásìkò. Kí èyí tó tẹ̀lé e tó dé, ọmọ ẹlòmíràn á ti máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Nítorí náà ohun kan péré ni mo ń bẹ̀ ọ́: wọ ọkọ̀ náà.

N kò bẹ̀rù òkun fún ọ. N kò bẹ̀rù àwọn ọmọkùnrin Dàkáà. Àwọn ni mo ń káàánú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ṣọ́ọ̀bù kan.

Má rẹ́rìn-ín. Tàbí kí o rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n máa kà á lọ.

Bí o bá dé etí òkun ní Lomé, àwọn aṣọ́bodè á tú ẹrù rẹ wò, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ. Láti ìgbà tí òǹtẹ̀ yẹn bá ti balẹ̀, o kò sí ní ilé mọ́, o kò sì tíì dé ibì kankan. Wọn kò ní jẹ́ kí o padà sí ìgboro. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, inú ṣọ́ọ̀bù ló sì ṣí sí. Ẹni tó kọ́ ọ síbẹ̀ gbọ́n. Àárín ọjà rẹ̀ ni gbogbo èrò ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó bọ́ sórí afárá onírin tó wọ inú òkun lọ. Wọ́n á sọ fún ọ pé àwọn aṣọ́bodè kì í gba owó lórí ọjà ibẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń fi ìlú sílẹ̀ ló ń rà á, pé nítorí náà kò sí ibi tó tún lè dínwó tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀run. Ayé Gẹ̀mánì ni mo wọ ibẹ̀. Faransé ti dé, wọ́n ti pààrọ̀ àsíá, wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ òpópónà. Ṣùgbọ́n Kòkú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ojú irin sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀bù yẹn wà bó ṣe wà, ó tún ti fẹ̀ sí i, wọ́n sì ti gbé dígí kọ́ yí ògiri ká, kí ènìyàn lè máa rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń gọ̀.

Nísinsìnyí, gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi. Mo ti sọ fún gbogbo yín nílé pé ibà ló mú mi tí ọkọ̀ òkun Dúálà fi lọ láìsí mi nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Irọ́ ni. Ibà kankan kò mú mi. Ara mi le bí irin lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rẹ nìkan ló mọ òtítọ́, ìwọ ni ẹni kejì. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, mo mọ ilé ẹni tí màá lọ.

Oníṣòwò kan ní Dúálà ti gbà mí pé kí n wá máa bójú tó ilé ẹrù òun. Mo wọ bàtà ẹ̀gbọ́n mi, ó há mí lẹ́sẹ̀, mo ń rìn bí adìẹ tó jáde látinú omi. Wọ́n lu òǹtẹ̀ fún mi, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó la irun rẹ̀ sí méjì bí ọ̀nà oko. Bó ṣe rí mi, ó fò dìde.

“Háà, ẹ̀gbọ́n! Ẹ káàbọ̀ o! Láti òkè wo la ti rí irú ọkùnrin báyìí? Ẹ na ọwọ́ yín.”

Mo nawọ́. Ó fín lọ́fíńdà sí i. Ó fín sí ọrùn mi. Ó gbé àga wá, ó ní kí n jókòó, ó bu ohun dídùn pupa kan sínú kọ́ọ̀bù tí kò tó ìdérí ìgò, ó sì ń béèrè àlàáfíà ìyá mi bí ẹni pé ìyá mi ló gbẹ̀bí rẹ̀.

Afí, o mọ̀ wá. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹlẹ́mu bá ní kí o tọ́ ẹmu òun wò, tí o sì gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, o ti di àlejò rẹ̀ nìyẹn. O kò lè nu ẹnu nù kí o máa lọ bí ewúrẹ́. Ìtìjú á pa ọ́ kí o tó dé ìdí igi. Báyìí, àlejò ọkùnrin yìí ni mo jẹ́: ó ti bù mí mu, ó ti fín mi, ó ti kí ìyá mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde? Mo ra ọṣẹ kan kí n lè rójú dìde. Nítorí pé mo ra ọṣẹ, ó tún bu ohun dídùn fún mi láti fi dúpẹ́. Èmi náà ní láti dúpẹ́ ìdúpẹ́ rẹ̀, mo ra agboòrùn. Ó ní ojú mi mọ nǹkan rere, ó fín ọrùn mi lápá kejì. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, àwọn òyìnbó ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, wọn kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀, èmi nìkan ló jókòó tí mo ń ṣe ọmọlúwàbí.

Ibẹ̀ ni ẹyẹ ti jáde.

Agogo onígi kan wà lára ògiri, wọ́n gbẹ́ ẹ bí ilé kékeré. Wíndò òkè ṣí gbà, ẹyẹ kan yọ orí, ó kígbe, ó padà wọlé, wíndò pa dé. Mo dìde dúró. Mo ní, “Ta ló ń sìn ín?”

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ dúró díẹ̀, ẹ̀gbọ́n, á tún jáde.”

Kò sọ fún mi pé wákàtí kan gbáko ni “díẹ̀” náà. Mo jókòó, mo tẹjú mọ́ wíndò. Àwọn èrò tó bá mi wọlé ti jáde tán. Mo ń sọ nínú ara mi pé bí ẹyẹ yìí bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, màá rà á, màá lọ. Ó jáde lóòótọ́. Mo rà á. Bí ọkùnrin náà ṣe ń so ó fún mi ni mo gbọ́ tí ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì.

O mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀? Ẹ̀rọ ńlá kan wà ní òpin afárá tó ń gbé ẹrù. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó ènìyàn sí, ẹ̀rọ á gbé e sókè, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, àwọn atukọ̀ á sì wà á lọ bá ọkọ̀ ńlá tó dúró lókèèrè. Mo sáré gba orí afárá yẹn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́, agboòrùn lábíyá, ilé ẹyẹ lórí. Apẹ̀rẹ̀ ìkẹyìn ti lọ ti dé. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó fa imú, ó ní:

“Ọkọ̀ ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n òórùn yín dára o.”

Bí mo ṣe ṣe tán pẹ̀lú Dúálà nìyẹn.

Ìyá rẹ ní kí n ka ohun tí mo kọ dé ibí fún òun. Mo kà á. Ó ní mo fi ibi tí mo ti sunkún lórí afárá sílẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ òkun ló wọ̀ mí lójú. Ó ní, “Hẹn, afẹ́fẹ́.” Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà wá sílé, ebi ń pa mí, mo sì ń ta sánsán. Nígbà tí mo sọ̀ ní Agbonou, mo jókòó sórí òkúta, n kò mọ ohun tí màá sọ fún àwọn ará ilé. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹ̀pà sísun, ará Akparé ni. Ó wò mí títí, ó bu ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sí mi lọ́wọ́. “Ẹ jẹ ẹ́.” Mo jẹ ẹ́. Mo ti agboòrùn sí i.

Ó ní, “Kí lèyí?”

Mo ní, “Mo ti jẹ nǹkan yín. N kò lè kàn dìde lọ lásán.”

“Ta ló ní kí ẹ ra nǹkan? Ebi ni mo rí lójú yín tí mo fi fún yín.” Ló bá bi mí pé kí ló dé tí ọkùnrin tó ń rùn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín fi fajú ro báyìí. N kò mọ ìgbà tí mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Afí, ọmọbìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí tó fi sọ igbá kalẹ̀. Ó ní, “Ẹ kò ní ẹ̀pà lápò ni? Bí ẹnì kan bá fún yín ní nǹkan tọ́ wò, ẹ fún òun náà ní nǹkan tọ́ wò. Ẹ kí ara yín, ó tán! Kò sí ẹni tó jẹ ẹnì kan ní oore mọ́. Ní Akparé, ọmọ tó ń rá pálá mọ ìyẹn.”

Ó gba agboòrùn ṣá o. Agboòrùn tí ìyá rẹ ń gbé lọ sóko títí di òní, òun náà ni.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí.

Èkíní: má jókòó. Bí wọ́n bá gbé àga wá, sọ pé láti Agbonou dé Lomé ni o ti ń jókòó, ìdí rẹ sì ń bẹ̀ ọ́ kí o dúró díẹ̀. Òótọ́ ni, wọn kò ní lè jiyàn.

Èkejì: bí wọ́n bá ní nǹkan dínwó, bi ara rẹ léèrè bóyá o ti ń wá a láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Agogo ẹyẹ dínwó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí, ẹyẹ kọ́ ni mo ń wá. Ẹyẹ kún oko wa, iṣẹ́ lílé wọn ni mo fi ìgbà èwe mi ṣe.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, ìyá rẹ ti dà á rú mọ́ mi lójú: àwọn tó rán ọ ní nǹkan. Mo mọ̀ pé àbúrò mi Àkúà ti sọ fún ọ nípa gèlè olówùú wúrà. Kòkú ti sọ fún ọ nípa agogo ọwọ́. Gbàgbé wọn. Sọ pé bàbá rẹ ló kọ̀. Jẹ́ kí wọ́n wá bá mi bínú nílé, kò sí ẹni tó ń bínú sí mi ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ.

Bí wọ́n bá fi dígí hàn ọ́, wo ara rẹ lẹ́ẹ̀kan, o rẹwà, mo ti sọ fún ọ, kò sí ìròyìn tuntun níbẹ̀. Máa lọ.

Ṣùgbọ́n má ṣe bí àwọn tó ń kọjá bí odi. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní etí òkun sọ pé ọmọ mi kò mọ ènìyàn kí. Bí wọ́n bá kí ọ, jẹ́ wọn. Bí wọ́n bá fín ọ ní lọ́fíńdà, jẹ́ kí wọ́n fín ọ, ó ń dùn mọ́ni. Lẹ́yìn náà ki ọwọ́ bọ inú àpò kékeré tí ìyá rẹ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ. Ẹ̀pà oko wa ni, òun fúnra rẹ̀ ló sun ún láàárọ̀ yìí, gbogbo ilé ń ta sánsán ju èmi lọ nígbà yẹn. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, dà á sí i lọ́wọ́, sọ pé, “Ẹ ṣeun o, ẹ tọ́ tiwa náà wò.” Bó ṣe ń wo ẹ̀pà lọ́wọ́ tí kò mọ ibi tí yóò gbé e kà, jáde lọ sí afárá. O kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́. O ti ṣe ọmọlúwàbí, ẹsẹ̀ rẹ sì ti kúrò níbẹ̀.

Ìwọ á bi mí nípa ẹyẹ. Ilé kékeré onígi tó wà lára ògiri yàrá wa, tí ẹ̀yin ọmọ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, òun ni. Ìyá mi àgbà, tí o fi ojú jọ, ló pa á. Nígbà tí mo gbé e dé tó yọ orí kígbe, ìyá ní ebi ló ń pa á. Ó gun àpótí, ó ń da àgbàdo sí i lẹ́nu láràárọ̀. Ọjọ́ kẹta, wíndò kò ṣí mọ́. Ó ní, “Ẹ rí i? Ó ti yó.” Bí o bá rí ẹnì kan ní Dàkáà tó mọ bí a ṣe ń yọ àgbàdo kúrò nínú agogo, kọ̀wé sí mi.

Afí, jẹ́ kí n pa ẹ̀rín tì ní ìwọ̀n ìlà mélòó kan. Ìjákulẹ̀ tèmi kò dùn mí títí, nítorí orí òkúta yẹn ni mo ti rí ìyá rẹ, ara rẹ̀ ni mo ti rí ọ. Ṣùgbọ́n tìrẹ yàtọ̀. O rántí ìyàwó Kòkú, nígbà tó ń rọbí tí a fi aṣọ àti igi gbé e láti Akparé dé ibí, tí a kò mọ ẹni tí a ó ké sí. Ọlọ́run yọ ọ́, òun àti ọmọ. Ìwọ lo di ọwọ́ rẹ̀ mú ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí o wẹ ọwọ́ rẹ tán, o wá bá mi, o ní, “Bàbá, n kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n dì mú.” N kò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rí, ìwọ náà mọ̀ pé nǹkan tí n kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò pọ̀. Kò sí agogo, kò sí gèlè, kò sí ìgò kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí àwọn obìnrin ibí ń dúró dè. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń dúró dè.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ kí o má fi gbogbo ẹ̀pà ta ènìyàn lọ́rẹ tán. Ó ti fi òwú pupa di díẹ̀ lọ́tọ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò. Ìyẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù. Tìrẹ ni. Jẹ́ kí wọ́n kó ọ sínú apẹ̀rẹ̀ ní òpin afárá, jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé ọ sókè. Tú òwú pupa nígbà náà, kí o sì jẹ ẹ̀pà rẹ lókè níbẹ̀, ní ibi tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ kò dé. Da èèpo rẹ̀ sínú òkun. Lẹ́yìn náà kí o yíjú padà sẹ́yìn, wo ṣọ́ọ̀bù yẹn láti òkè, kí o sì bá mi yọ ahọ́n sí i.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ta sánsán fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, tí kò sì rí ọkọ̀ wọ̀.